Ẹgbẹ́ obìnrin tó gbógun ti ọtí ní ìletò Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ: ibo la ti máa rí ìtàn wọn?

ỌmọÌsónyìn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Àwọn ìyá ìjọ kan nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde fẹ́ ìwé pẹlẹbẹ, nǹkan bí ojú ewé 40, nípa àwọn obìnrin tó gbógun ti ọtí láyé àtijọ́. Gbogbo ohun tí mo rí kà, ti Amẹ́ríkà ni: Woman's Christian Temperance Union (WCTU), ẹgbẹ́ obìnrin Kristẹni tó kọ ọtí, rìbọ́ọ̀nù funfun láyà, obìnrin tó ń kúnlẹ̀ gbàdúrà nínú ilé ọtí. Tiwa ńkọ́? Orúkọ ẹgbẹ́ kankan kò jáde.

Ohun kan ṣoṣo tó wà nílẹ̀ ni káàdì kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, etí rẹ̀ ti gbó. Ẹ̀jẹ́ ni wọ́n tẹ̀ sí iwájú rẹ̀, pé ẹni tó fọwọ́ sí i kò ní fẹnu kan ọtí líle "gẹ́gẹ́ bí ohun mímu". Ibi tí wọ́n kọ orúkọ sí ti parẹ́. Ní ẹ̀yìn, àpótí kéékèèké 12 wà: "3d" wà nínú méje, márùn-ún ṣófo. "Jebu Ode" ló wà nísàlẹ̀. Kò sí ọdún.

ÌwéÀtijọ́:
Orúkọ tí ẹ ń wá yẹn ló ń ṣì yín lọ́nà. Tí ẹ bá ní "ẹgbẹ́ aṣòdì-sí-ọtí" lẹ fẹ́ rí nínú ìwé ìletò, ẹ ó wá a tì.

Ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ náà ní orúkọ, ó ní ọ́fíìsì. Hillsboro ní Ohio, ìlú kékeré láàárín oko ni. Ní oṣù Kejìlá 1873, Dio Lewis, ọkùnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ káàkiri lòdì sí ọtí, wá sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí Eliza Thompson fi kó àwọn obìnrin sẹ́yìn, wọ́n ń ti ilé ọtí kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń bẹ ẹni tó ń tà kó fọwọ́ síwèé pé òun ò tà mọ́. Ní oṣù Kọkànlá 1874 wọ́n dá WCTU sílẹ̀ ní Cleveland. Frances Willard di ààrẹ ní 1879, ipò náà ló wà títí ó fi kú ní 1898. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń ní ìwé ìpàdé tirẹ̀, akápò tirẹ̀, ìwé ìròyìn tirẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọkùnrin ló gba ojú ìwé. Ẹ ó rí Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson, tí ìran Ìjẹ̀bú wà lára rẹ̀, àti Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell, tí wọ́n ń bá jíìnì láti Rotterdam àti Hamburg jà. Ìjọba àmúnisìn fi ìgbìmọ̀ gbọ́ ẹjọ́ náà ní 1909, ìgbìmọ̀ ní àwọn kò rí i pé ọtí ń ba ìran ènìyàn jẹ́. Inú àwọn oníwàásù kò dùn, àmọ́ kí lẹ rò? Owó ibodè orí ọtí ló ń bọ́ ìjọba nígbà náà. Àdéhùn St. Germain láàárín àwọn ìjọba ńlá, September 1919, ló wá ti ilẹ̀kùn mọ́ jíìnì olówó pọ́ọ́kú yẹn.

Iṣẹ́ àwọn obìnrin fara pamọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ mìíràn ni: ìwé ìpàdé àwọn ìyá ìjọ, ìwé kíláàsì Mẹ́tọ́díìsì ní Rẹ́mọ, ìwé ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi. Ìlà kan ni ẹ ó rí, ìlà méjì, láàárín ọ̀rọ̀ aṣọ ẹgbẹ́ àti owó òrùlé.

Ní ti káàdì, "gẹ́gẹ́ bí ohun mímu" yẹn kì í ṣe àfikún lásán. Ó fi àyè sílẹ̀ fún wáìnì Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa àti fún ọtí tí dókítà bá fi po oògùn. Bí ẹ̀jẹ́ Band of Hope ṣe máa ń rí nìyẹn, ẹgbẹ́ ọmọdé tó bẹ̀rẹ̀ ní Leeds ní 1847, tí Ann Jane Carlile, obìnrin ará Ireland, àti àlùfáà Jabez Tunnicliff dá sílẹ̀. Lójú tèmi, káàdì ọmọdé ni ẹ ní lọ́wọ́. Tíṣà ni kí ẹ wá, kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́.

ṢàgámùDùn:
Ẹ̀gbọ́n, mo gbà pẹ̀lú yín lórí orúkọ, ṣùgbọ́n ẹ fo ohun kan tí kò ṣeé fò. Lọ́dọ̀ wa, ta ló ń ta ọtí? Obìnrin ni.

Ẹ wo bí ẹmu ṣe ń ṣe. Adẹ́mu á gun ọ̀pẹ ní àárọ̀, á tún gùn ún ní ìrọ̀lẹ́. Láti ìgbà tí ẹmu bá ti ń kán sínú agbè ló ti ń ru, nítorí ohun tó ń mú un ru ti wà lẹ́nu agbè àná. Ní àárọ̀ ó dùn bí omi ìrèké. Kó tó di alẹ́ ó ti ń ta lẹ́nu. Bó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, ó ti kan. Ọjà tí kò lè dúró ni. Adẹ́mu kò ráyè gun ọ̀pẹ kó tún kiri, nítorí náà ìyàwó rẹ̀ tàbí obìnrin tó ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ tà á tán lọ́jọ́ náà. Ti jíìnì náà kò yàtọ̀. Ó ń gba ọ̀sà wọ Èjìnrìn àti Ìkòròdú nínú igo onígun mẹ́rin, igo 12 nínú àpótí pákó kan, àwọn obìnrin alájàpá sì wà lára àwọn tó ń gbé e wọ ìgbèríko.

Ní Ohio, ọkùnrin ló ń ta, ọkùnrin ló ń mu, obìnrin dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yin ẹ fẹ́ gbé àwòrán yẹn wá sí Ìjẹ̀bú? Níbí, ẹni tó gbé àwo owó ìjọ àti ẹni tó gbé agbè ẹmu lè jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Òfin tó bá ní "ẹ má ta ọtí" ń fọwọ́ kan àpò ọmọ ẹgbẹ́.

Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ wo ohun tí òfin kọ̀ gan-an. Ṣé ọtí líle nìkan, àbí ẹmu wà níbẹ̀? Ṣé mímu ni wọ́n kọ̀, àbí títà? Ṣé ní ilé, àbí ní ibi ìnáwó ẹgbẹ́ nìkan? Ìlú Ọba pàápàá jà lórí èyí. Àwọn àkọ́kọ́ kọ ọtí líle nìkan, wọ́n fi bíà sílẹ̀. Ní 1832 ni Joseph Livesey àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Preston ní àwọn ò fẹ́ èyíkéyìí. Káàdì ỌmọÌsónyìn sọ "ọtí líle". Ẹlẹ́mu lè fọwọ́ sí i kó sì lọ tajà rẹ̀ láìṣẹ̀.

AkápòÀgbà:
Ẹ jẹ́ ká ka owó inú káàdì náà. 3d ni tọ́rọ́. Kọ́bọ̀ àtijọ́ 12 ló ń jẹ́ ṣílè kan, ṣílè 20 ló ń jẹ́ pọ́n-ùn kan. Àpótí 12 ni oṣù 12, tọ́rọ́ lóṣù, ṣílè mẹ́ta lọ́dún. Ẹni yìí san méje: kọ́bọ̀ 21, ìyẹn ṣílè kan àti kọ́bọ̀ mẹ́sàn-án.

Ibi tí mi ò ti bá ÌwéÀtijọ́ lọ nìyí. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Tọ́rọ́ lóṣù wúwo fún ọmọdé. Ẹ́ẹ́pìnnì tàbí kọ́bọ̀ kan ni ọmọ ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi máa ń mú wá. Owó àgbàlagbà ni èyí.

Ẹni tó bá ń ka ìwé owó àtijọ́, kó ṣọ́ra fún 1 January 1973. Ọjọ́ yẹn ni náírà dé, pọ́n-ùn kan di náírà méjì, ṣílè di kọ́bọ̀ 10, sísì di kọ́bọ̀ márùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹnu kò yí padà lọ́jọ́ kan. Akápò á kọ "5k", àwọn ìyá á ṣì máa pè é ní sísì. Tí ìyá arúgbó bá sọ pé "sísì là ń dá", ẹ má yára fi í sáájú 1973. "Kọ́bọ̀" gan-an tún le jù: kọ́bọ̀ àtijọ́ 240 ló wà nínú pọ́n-ùn, kọ́bọ̀ tuntun 200. Mo ti rí ìwé ìtàn ìjọ tí wọ́n ro méjèèjì pọ̀, àròpọ̀ rẹ̀ kò bára mu láéláé.

ṢàgámùDùn:
Àwọn àpótí márùn-ún tó ṣófo yẹn, kí ẹnikẹ́ni má kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni náà padà sídìí ọtí o! Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ní January, méje parí ní July. August àti September, kòkó kò tíì délé, gbànja Rẹ́mọ kò tíì wọ ọjà. Láti October lọ ni owó máa ń rìn. Ẹgbẹ́ tó ń gba owó oṣooṣù lọ́wọ́ àgbẹ̀ á rí ihò yẹn lọ́dọọdún. Àwọn ẹgbẹ́ tó gbọ́n máa ń gbà á lẹ́ẹ̀kan náà ní ìparí ọdún.

ỌmọÀṣàlátù:
Ọ̀rọ̀ kúkurú. Ìdajì ìlú Ìjẹ̀bú-Òde ló ń kírun, kò sì sẹ́ni tó mẹ́nu kan wa. Ẹgbẹ́ àṣàlátù kò ní káàdì ẹ̀jẹ́, ẹ má wá a, nítorí ẹ̀sìn ti kọ ọtí kí ẹgbẹ́ tó dé. Ibi ìnáwó ni òfin tiwa ti ń ṣiṣẹ́: bí ọtí bá wà lórí tábìlì ọmọ ẹgbẹ́, àwọn yòókù kò ní jókòó, owó ìbánáwó kò sì ní dé. Nínú ìwé, "wọn kò lọ" ni ẹ ó kàn rí.

Tèwetàgbà_Ògèrè:
Ẹ má sì gbàgbé àwọn Aládùúrà! Ìjẹ̀bú-Òde ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ní ìjọ St. Saviour's, 1918, obìnrin wà níwájú, Sophia Ọdúnlámì. Ẹgbẹ́ obìnrin tó kọ ọtí ni ẹ ń wò yẹn.

ÌwéÀtijọ́:
Rárá o, àbúrò. Òtítọ́ ni pé 1918 ni, òtítọ́ ni pé J. B. Ṣàdáre àti Sophia Ọdúnlámì, tíṣà ọmọbìnrin, wà lára àwọn tó dúró ṣinṣin nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn lúkúlúkú ń pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n oògùn ni wọ́n kọ̀, ti ìbílẹ̀ àti ti òyìnbó. Àdúrà àti omi òjò ni wọ́n fi dípò rẹ̀. Ẹgbẹ́ àdúrà ìwòsàn ni, tọkùnrin tobìnrin. Ẹ pè é ní orúkọ rẹ̀. Àwọn ìjọ Aládùúrà tó tẹ̀lé e, Kérúbù àti Séráfù láti 1925, àti Church of the Lord tí Oshitelu dá sílẹ̀ ní Ògèrè tiyín níbẹ̀ ní 1930, ni kí ẹ lọ wo ìwé òfin wọn lórí ọtí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà, nítorí ẹni tó bá wọ irú ìjọ bẹ́ẹ̀ kò nílò káàdì. Wíwọ ìjọ náà ni ẹ̀jẹ́.

Tèwetàgbà_Ògèrè:
Ó yé mi, ẹ ṣé. Mo ti dà wọ́n pọ̀.

ỌmọÌsónyìn:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Àwọn ìyá mẹ́ta wà tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Báwo la ṣe máa bi wọ́n tí wọn ò fi ní máa sọ ohun tí wọ́n rò pé a fẹ́ gbọ́?

ṢàgámùDùn:
Ẹ má béèrè pé "ṣé ẹ ní ẹgbẹ́ tó ń bá ọtí jà?" Bẹ́ẹ̀ ni ni gbogbo wọn á dáhùn, ìjọ ló rán yín. Ẹ béèrè nǹkan tó ṣeé fojú rí. Nígbà ìkómọ, kí ni wọ́n gbé fún àlejò? Lórí ẹrù ìyàwó, igo mélòó ni, kí ló wà nínú wọn, ta ló ní kí wọ́n fi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀? Ibẹ̀ gan-an ni ogun ti le. Obì, orógbó, oyin, ataare kò bí ẹnikẹ́ni nínú, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ilé ń wo igo schnapps yẹn lójú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìsìnkú: bí olóògbé bá jẹ́ ọmọ Òṣùgbó, ẹgbẹ́ awo àwọn àgbà ìlú, wọn kò lè ṣe é láìsí ọtí, ìyàwó rẹ̀ sì lè jẹ́ ìyá ìjọ. Ta ló ra á? Ta ló gbé e wọlé? Ibi ìdáhùn sí ìbéèrè méjì yẹn ni ìtàn yín wà.

Ẹ lọ ní méjì, kí ọ̀kan máa bi, kí ìkejì máa kọ. Wákàtí kan tó, àárọ̀ ló dára jù, kí ó ti jẹun. Ẹ bi ìyá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Bí ẹ bá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ, ẹni tó dàgbà jù á sọ, àwọn tó kù á ní "bẹ́ẹ̀ ni". Ẹ fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti gbà, kí ẹ sì pa nẹ́tíwọ̀kì kí ìpè má baà já a. Ọdún? Ẹ má béèrè ọdún. Ẹ béèrè régbérégbé (ẹgbẹ́ ọjọ́ orí) tí ó wà, ọmọ tí ó ń tọ́ lọ́wọ́ nígbà náà, bóyá ṣílè ni wọ́n ń ná tàbí náírà.

AkápòÀgbà:
Mo fi kan kún un: "Ìyá Ìjọ" kì í ṣe orúkọ, oyè ni. Ìyá Ìjọ mẹ́rin lè wà láàárín ogójì ọdún, ìwé á sì pe gbogbo wọn ní Ìyá Ìjọ. Àwọn obìnrin tún máa ń wọlé pẹ̀lú orúkọ ọkọ. Ẹ béèrè orúkọ àbísọ àti ilé bàbá, ẹ fi wéra pẹ̀lú ìwé ìrìbọmi àti ìwé ìgbéyàwó.

Ẹni-Ẹ̀báỌ̀sà:
Gbogbo yín ń sọ jíìnì, kò sẹ́ni tó sọ ògógóró. Láti nǹkan bí 1930, nígbà tí owó ibodè gbé ọtí òyìnbó sókè tí owó sì wọ́n, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí pọn tiwọn. Òfin kọ̀ ọ́ pátápátá.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ló jẹ́ kó kan obìnrin. Ògùrọ̀, ẹmu ara ọ̀pẹ inú ẹrẹ̀, ni wọ́n ń kó jọ, wọ́n á jẹ́ kó kan fún ọjọ́ bíi mélòó kan, wọ́n á dà á sínú dúrọ́ọ̀mù. Dúrọ́ọ̀mù kan gbà tó lítà 200. Iná lábẹ́, páìpù bàbà láti ẹnu rẹ̀ gba inú ọpọ́n gígùn tàbí ọkọ̀ ojú omi ògbólógbòó tí omi tútù kún inú rẹ̀. Ooru á di omi, á máa kán sínú ìgò. Amọ̀ ni wọ́n fi ń dí oríkèé páìpù. Bí amọ̀ bá sán, ooru á sá, ọtí á sì lọ pẹ̀lú rẹ̀. Bí iná bá pọ̀ jù, ìfófòó á ru gba inú páìpù, ọtí á dọ̀tí, á sì máa rùn. Bí omi inú ọkọ̀ bá gbóná, kò ní kán dáadáa, nítorí náà omi gbọ́dọ̀ máa yí padà ní gbogbo ìgbà. Ta ló ń pọnmi? Ta ló ń ṣẹ́gi? Ẹbu, ibi tí wọ́n ti ń pọn ọtí náà, kò lè jìnnà sí odò, èéfín rẹ̀ kò sì ṣeé fi pamọ́. Kò sí obìnrin tó ń lọ sódò tí kò mọ ibi tó wà.

Nítorí náà, nígbà tí ẹgbẹ́ obìnrin bá bá ògógóró jà, kì í ṣe ìwàásù nìkan. Wọ́n mọ ibi tí ẹbu wà, wọ́n sì lè pinnu láti má pọnmi fún un. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ẹ sì ka ìwé kóòtù ìbílẹ̀ ọdún 1930 sókè. Kó má yà yín lẹ́nu bí ẹ bá bá orúkọ obìnrin láàárín àwọn tí wọ́n bu owó ìtanràn lé.

Àwọn ọ̀dọ́ á ní ògógóró ló ń fọ́ ojú. Methanol, oró kan tó jọ ọtí, ló ń fọ́ ọ. Ní 2015, ọtí tí methanol wọ̀ pa ènìyàn ní agbègbè Òde-Ìrèlè ní Oǹdó àti ní Rivers, ìjọba àpapọ̀ sì fòfin de ògógóró lọ́dún náà. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi kọ ògógóró ní nǹkan bí 1930 nínú ìwé yín, ọ̀tọ̀ ni ọ̀ràn méjèèjì.

ÌwéÀtijọ́:
Ẹni-Ẹ̀báỌ̀sà ti ṣe é fún wa. Ibi tí ẹ ó ti rí ìwé: National Archives ní Ìbàdàn, nínú ọgbà Yunifásítì. Ẹ béèrè fún Ije Prof, àwọn fáìlì ẹkùn Ìjẹ̀bú, àti ìwé CMS (Church Missionary Society, ìjọ àwọn ajíhìnrere Áńgílíkà) ti ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ má kọ "temperance" nìkan sórí ìwé ìbéèrè. Ẹ wo "liquor licences" (ìwé àṣẹ ọtí títà), "illicit distillation" (ọtí pípọn láìgbàṣẹ), ẹ̀bẹ̀ àwọn ìjọ. Kí ẹ sì wo gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ orúkọ ìlú: Jebu Ode, Ijebu-Ode, Shagamu. "Jebu" láìsí I lórí káàdì yín fi hàn pé ọwọ́ àtijọ́ ló kọ ọ́, àmọ́ kò tó láti fi dá ọdún.

Ní ti káàdì fúnra rẹ̀, ẹ má lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ etí rẹ̀ o, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á pọ́n, á sì jẹ ìwé náà. Ẹ má fọ́n oògùn kòkòrò sí i. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn erùpẹ̀ kúrò, ẹ gbé e sínú ewé ìwé funfun, kó wà níbi tí oòrùn kò dé, tí ìkán kò dé. Kí ẹ tó tọ́jú rẹ̀, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní àárọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ máa bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa tẹ́ lé ojú káàdì. Kò sí fíláàṣì. Ẹ gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ ya àwòrán mẹ́rin, ẹ yí káàdì díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù bá ti parẹ́, ibi tó tẹ ìwé wọlé kì í parẹ́.

ỌmọÌsónyìn:
Mo ṣe é ní àárọ̀ òní. Orúkọ náà kò hàn tán, ṣùgbọ́n lẹ́tà tó ṣáájú rẹ̀ hàn kedere: "Mrs". "No. 31" wà ní igun òkè lápá ọ̀tún.

ÌwéÀtijọ́:
Akápò, ẹ borí mi. Kì í ṣe káàdì ọmọdé.

AkápòÀgbà:
Tọ́rọ́ ló borí yín, ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe èmi. ỌmọÌsónyìn, 31 túmọ̀ sí pé ìwé kan wà tí wọ́n to orúkọ sí. Ẹ lọ bi ẹni tó ń tọ́jú àpótí ìjọ ní báyìí, kí ẹ sì ní kó yọ ohun tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ àwọn ìwé ìkórè. Ìwé gígùn tóóró, tí wọ́n fi rúlà fa ìlà rẹ̀, ni kí ẹ máa wò.